Ẹni tó fẹ̀yìn tì àti dùùrù tuntun: kí ló yẹ ká wò kí owó tó jáde?

Lọ́dọọdún ni àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ìjọba àti òṣìṣẹ́ bánkì ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní àwọn ìlú mìíràn lágbègbè wa. A rí nínú wọn tó ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà èwe. A sì rí àwọn tó kọ́ ọ díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ oṣù kò jẹ́ kí wọ́n ráyè fún un mọ́. Nígbà tí àyè wá yọ, ìbéèrè kan á yọjú: ṣé kí n máa lo kékeré tó wà nílé yìí lọ, àbí kí n yọ nínú owó ìfẹ̀yìntì kí n ra èyí tó dára jù ú lọ?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Owó oṣù ti dúró. Èyí tó bá jáde kúrò nínú owó ìfẹ̀yìntì kì í tètè padà. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ìka ọwọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń sọ pé “ó di ọdún tó ń bọ̀” láti ọmọ ọgọ́ta ọdún títí dé àádọ́rin lè rí i pé oríkèé ọwọ́ kò gbà mọ́. Ẹni tó bá sáré rà á lè pàdánù owó, ẹni tó bá sì fà á jù lè pàdánù ọwọ́.

Èrò wa lórí rẹ̀ rèé, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín: dùùrù tó dára yẹ ẹni tó ti ń tẹ dùùrù lọ́wọ́lọ́wọ́, tí èyí tó ní sì ń dí i lọ́wọ́. Kò yẹ ẹni tó rò pé ríra rẹ̀ ni yóò mú òun bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Dùùrù mẹ́ta tí kò jọra

Orúkọ kan náà là ń pe ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni dùùrù kékeré oníná tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń lò. Àwọn pátákó funfun àti dúdú tí ọwọ́ ń tẹ̀, tí a ó máa pè ní ìtẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, sábà máa ń jẹ́ 61 lórí rẹ̀. Wọ́n fúyẹ́, ike ni wọ́n. Ó ní oríṣiríṣi ohùn àti ìlù nínú, òmíràn sì wà tó ń lo òkúta bátìrì bíi ti rédíò.

Ìkejì ni dùùrù oníná tó ní ìtẹ̀ 88, iye tó wà lórí píánò gidi. Wọ́n fi òòlù kékeré tàbí irin sábẹ́ ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó lè wúwo lábẹ́ ìka, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti ara píánò gidi. Èyí tó fúyẹ́ jù nínú irú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 11 lọ, ọmọkùnrin kan lè gbé e.

Ìkẹta ni píánò olókùn irin. Ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Bartolomeo Cristofori ló ṣe é ní ìlú Florence ní nǹkan bí ọdún 1700. Bí ìka bá tẹ ìtẹ̀, òòlù onírun á fò sókè, á lu okùn irin. Okùn irin tó wà nínú ẹyọ kan tó nǹkan bí 230. Bí wọ́n ṣe fà á le tó, àpapọ̀ agbára tí wọ́n fi ń fa férémù irin tó dì wọ́n mú máa ń tó tọ́ọ̀nù 15 sí 20. Kódà èyí tó ń dúró ti ògiri sábà máa ń wúwo ju kílò 200 lọ.

Kí ni Cristofori fẹ́ gan-an? Ọ̀pọ̀ dùùrù olókùn tó wà ṣáájú tirẹ̀ kì í mọ̀ bóyá ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ tàbí kíkankíkan, bákan náà ló ń dún. Òun ló ṣe èyí tó ń gbọ́ràn sí ìka lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Ítálì fi túmọ̀ sí “jẹ́jẹ́ àti kíkan”. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni olórí ìyàtọ̀ láàárín dùùrù kékeré tó rọjú àti èyí tó dára. Nínú èyí tó rọjú jù lọ, bó o rọra tẹ̀ ẹ́, bó o gbá a mọ́lẹ̀, ohùn kan náà ni. Iye ohùn tí wọ́n kó sínú rẹ̀ kò lè dí àlàfo yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ orin tiwa lórí dùùrù yóò tètè mọ ìyàtọ̀ náà. Fela Sowande, tí wọ́n bí ní 1905 tó sì kú ní 1987, mú orin ilẹ̀ Yorùbá wọ inú dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Akin Euba, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1935, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti tẹ píánò bí ẹni ń lu ìlù ilẹ̀ Áfíríkà. Irú títẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń béèrè pé kí ọwọ́ kan le bí ìyáàlù, kí èkejì sì rọ̀ bí omele tó ń tẹ̀ lé e. Dùùrù tí kò mọ líle yàtọ̀ sí rírọ̀ kò lè ṣe é.

Ṣé dùùrù ló ń dí yín lọ́wọ́?

Kí owó tó jáde, ẹ mú ìwé kékeré kan, ẹ gbé e sórí dùùrù tó wà nílé. Fún ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ jókòó síbẹ̀ àti iye ìṣẹ́jú tí ẹ lò. Bí oṣù bá parí, tí ìwé náà fi hàn pé ẹ ń tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, tó sì ń tó ìdajì wákàtí nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ ti di ẹni tó lè ronú nípa èyí tó dára jù. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré láàárín oṣù, dùùrù kọ́ ló ń dí yín lọ́wọ́. Dùùrù olówó ńlá náà yóò di ibi tí wọ́n ń gbé aṣọ tí wọ́n lọ̀ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àmì mẹ́rin. Ọwọ́ òsì ń wá ohùn tó wà nísàlẹ̀, kò sì rí i, nítorí ìtẹ̀ ti tán. Ibi tó yẹ kó rọlẹ̀ nínú orin kò rọlẹ̀, bó ti wù kí ìka rọra tẹ̀ ẹ́ tó. Àwọn ìtẹ̀ kan ti kú tàbí ń há. Ìkẹrin, bí ẹ bá jókòó sídìí píánò gidi níbòmíràn, orin tí ẹ ń tẹ̀ dáadáa nílé kò gbà mọ́ yín lọ́wọ́. Bí méjì nínú mẹ́rin yìí bá bá yín mu, dùùrù tó wà lọ́wọ́ yín ti kéré sí yín nìyẹn.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ohùn rẹ̀ nìkan ni kò dùn mọ́ yín nínú, ẹ kọ́kọ́ so ó mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó dára, tàbí kí ẹ ra èyí tí wọ́n ń fi sétí. Nígbà púpọ̀, ohun èlò kékeré tó ń gbé ohùn jáde lára dùùrù náà ni kò dára, kì í ṣe dùùrù fúnra rẹ̀.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá àgbà tí kò tẹ̀ ẹ́ rí lè bẹ̀rẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ ní Geneva, ní ilẹ̀ Switzerland, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 132 tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 62 sí 78. Kò sí ẹni tó ti kọ́ orin ju oṣù mẹ́fà lọ ní gbogbo ayé rẹ̀ nínú wọn. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní dùùrù, wọ́n sì kọ́ àwọn yòókù bí a ṣe ń fi òye tẹ́tí sí orin. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, agbára láti rántí ohun tí etí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ti fi ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún gbèrú lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Apá kan nínú ọpọlọ tí etí ń lò sì dúró bó ṣe wà lára àwọn tó tẹ dùùrù, ṣùgbọ́n ó dín kù lára àwọn tó tẹ́tí nìkan. Àwọn onímọ̀ náà kò sọ pé dùùrù ń sọ àgbà di ọmọdé. Ohun tó yẹ ká fi ṣọgbọ́n ni pé ẹ̀kọ́ àti ìdánrawò ló ṣiṣẹ́ yìí, kì í ṣe iye tí wọ́n ra dùùrù.

Ọ̀rinrin, ọyẹ́ àti ikán

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ píánò olókùn irin nítorí iyì rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn lóòótọ́, kò sì nílò iná. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ibi tí a ń gbé. Igi, awọ àti irun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ tó wà létí ọ̀sà, ọ̀rinrin kì í fi ilé sílẹ̀: igi á wú, ìtẹ̀ á máa há, okùn irin á máa dípẹtà. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu, bí ọyẹ́ bá dé, igi kan náà á súnkì, okùn á dẹ̀, ohùn á sì yẹ̀. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, píánò náà á wú, á tún súnkì. Ikán àti èkúté kò sì mọ̀ pé ohun èlò orin ni.

Nítorí èyí, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tún ohùn rẹ̀ ṣe, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ béèrè ìbéèrè kan kí ẹ tó ronú nípa iye rẹ̀: ta ni yóò tún un ṣe, níbo ló ń gbé, èló sì ni owó ọkọ̀ rẹ̀ dé ilé mi? Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn sí i, ẹ má rà á. Píánò olókùn irin tí ohùn rẹ̀ ti yẹ̀ kò sàn ju dùùrù oníke lọ. Ó burú jù ú lọ gan-an, nítorí yóò kọ́ etí yín ní ohùn tí kò tọ́.

Dùùrù oníná tó ní ìtẹ̀ 88 kò nílò kí wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe. Eruku, oòrùn àti omi òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ sì fi aṣọ bò ó bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán. Àǹfààní mìíràn ni pé ẹ lè fi ẹ̀rọ sétí kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lóru, kí agbo ilé má sì gbọ́ nǹkan kan. Àgbà tí oorun kì í tètè kùn mọ iyì èyí.

Ọ̀rọ̀ iná

Níbi tí dùùrù oníná ti lè kó bá èèyàn ni ọ̀rọ̀ iná. Iná tí à ń lò ní Benin àti Tógò jẹ́ fólítì 220. Ti Jàpáànì jẹ́ 100, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 120. Àlòkù tó bá ti ibẹ̀ wá lè jóná lójú ẹsẹ̀ bí ẹ bá kì í bọ iná wa. Ẹ yí i padà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ tàbí sára ṣájà rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 100 sí 240 síbẹ̀, kò séwu. Bí wọ́n bá kọ 100 nìkan, ẹ ó ní láti ra ẹ̀rọ tí yóò máa sọ iná 220 di 100, ẹ sì fi owó rẹ̀ kún ìṣirò yín.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré olítẹ̀ 88 ló ní ṣájà lọ́tọ̀, tó ń sọ iná di fólítì 12. Èyí dára fún ẹni tó ń lo iná oòrùn, nítorí irú dùùrù bẹ́ẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ tààrà láìjẹ́ pé oníṣẹ́ iná ti wò ó. Ẹ ra ẹ̀rọ tí ń dáàbò bo nǹkan nígbà tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára ògiri bí òjò bá ṣú tí àrá ń sán.

Ìṣirò owó

Iye owó yúrò kan sí owó sẹ́fà kì í yí padà: 655.957 ni. Nítorí náà ó rọrùn láti ṣírò. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, dùùrù oníná olítẹ̀ 88 tó kéré jù lọ nínú èyí tó dára wà ní nǹkan bí 400 sí 500 yúrò, èyí tó jẹ́ bíi 262,000 sí 328,000 owó sẹ́fà. Èyí tó tóbi, tó ní ìjókòó àti àpótí igi tirẹ̀, lè tó 1,500 yúrò, ìyẹn nǹkan bí 984,000. Píánò olókùn irin tuntun láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó lórúkọ sábà máa ń ju 3,000 yúrò lọ, ìyẹn bíi mílíọ̀nù méjì. A kò tíì ka owó ọkọ̀ òkun, owó ibodè, ẹsẹ̀ tí a ń gbé e lé, àga àti èyí tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ìlànà kan tí a lè dá lábàá rèé: gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, títí dórí àga, kò gbọ́dọ̀ ju owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́ta lọ. Ká mú àpẹẹrẹ ìyá kan tó ń gba 150,000 lóṣù. Oṣù mẹ́ta jẹ́ 450,000. Bí dùùrù olítẹ̀ 88 pẹ̀lú owó ibodè àti àwọn ohun èlò rẹ̀ bá jẹ́ 400,000, ó wà nínú agbára rẹ̀. Síbẹ̀, kò yẹ kó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ń dá 25,000 sínú àjọ lóṣooṣù, yóò pé lẹ́yìn oṣù 16. Láàárín oṣù 16 yẹn, ìwé kékeré orí dùùrù yóò ti sọ òótọ́ fún un. Bí ìfẹ́ náà bá ti tutù kí àjọ tó kàn án, owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn nítorí dùùrù: owó oògùn, owó òrùlé tó ń jò, àti owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ tó ṣì wà lọ́rùn yín. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ bá ìyàwó tàbí ọkọ yín sọ ọ́, ẹ bá àwọn ọmọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ gbọ́: òbí tó fi ọgbọ̀n ọdún ra ìwé àti bàtà fún yín kò ṣẹ̀ bó bá fẹ́ ohun kan ṣoṣo fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́. Bí ẹ bá lágbára, ẹ dá owó náà pọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù

Ẹni tó bá ti lọ ra ìlù ní ọjà Àjàrá mọ̀ pé a kì í sanwó ìlù tí a kò tíì lù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti dùùrù. Ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ dání. Ẹ tẹ gbogbo ìtẹ̀ 88 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, ẹ gbọ́ bóyá ohùn yí padà. Ìtẹ̀ kan tó ń ké tantan ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ti ń bàjẹ́ lábẹ́. Ẹ jẹ́ kí iná wà lára rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí ẹ wò ó bóyá yóò gbóná tàbí kú. Ẹ béèrè ṣájà tó bá a wá gan-an. Bí ọlọ́jà bá ní kò sí iná láti fi dán an wò, ẹ ní ẹ ń padà bọ̀ lọ́jọ́ tí iná bá wà.

Ẹ tún fi ọwọ́ ara yín wò ó. Bí oríkèé ìka bá ń ro yín, ìtẹ̀ tó wúwo jù lè dá kún un. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jà, ẹ sì wo bí ọwọ́ ṣe rí lọ́jọ́ kejì kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Wíwúwo yàtọ̀ láti orí ọ̀kan sí òmíràn, ẹ ó rí èyí tó rọ̀ díẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ̀yìn tì lágbègbè wa, dùùrù oníná olítẹ̀ 88 tó ní ìtẹ̀ wíwúwo ló bójú mu. Ó kọ́ ọwọ́ bíi ti píánò gidi, kò bẹ̀rù ọyẹ́, owó rẹ̀ kò sì ní ba ilé jẹ́. Kí ẹni tó ní ẹni tí yóò máa tún ohùn ṣe nítòsí àti yàrá tí ọ̀rinrin kò pọ̀ nínú rẹ̀ máa ronú nípa olókùn irin. Kí ẹni tí ìwé rẹ̀ ṣófo tọ́jú owó rẹ̀, kó sì máa tẹ kékeré tó ní.

Ní ti ẹni tí ìwé rẹ̀ kún, tí àjọ rẹ̀ pé, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kó má wulẹ̀ dúró mọ́. Kó rà á nígbà tí yóò ṣì gbádùn rẹ̀, kó sì gbé kékeré àná fún ọmọ-ọmọ tó ti ń yọjú wò ó láti ẹnu ọ̀nà.